1916: Nígbà Tí Ẹnu Dákẹ́, Àdá Sọ̀rọ̀

Ìtàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ewì. Ẹ má bínú, ewì ń bọ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìsẹ́yìn fún ìsinmi, mo jókòó ti ìyá àgbà mi níbi tí wọ́n ti ń ran òwú. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún tí àwọn èèyàn bá kóòtù jà, tí sójà fi wọ̀lú?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wá ní, "Ta ló rán ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, ìwé ni mo fẹ́ kọ.

"Ìwé kẹ̀? Ṣé ìwé tí ìjọba máa rí?"

Ẹ̀rín pa mí. Ìwé wa tí kò kọjá ogoji ojú-ewé, tí ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì máa ń tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìjọba wo ló fẹ́ rí i? Àmọ́ nígbà tó di alẹ́ tí mo ronú sí i, ẹ̀rín ò pa mí mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mò ń béèrè ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyá àgbà mi gan-an ò tíì dáyé nígbà yẹn, bàbá wọn ló wà lọ́mọdé. Òyìnbó tó rán sójà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti 1960. Kí ló wá dé tí arúgbó fi ń wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí ẹ ń kà yìí. Ìtàn òfin ni, òfin tó ní kí èèyàn má bú ìjọba. Ìtàn àwọn tó kú ni pẹ̀lú, àti ti àwọn tó ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò kú.

ỌBA KÌ Í MÚ Ọ̀KỌRIN

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, òyìnbó ló kó o wá fún wa, pé láyé àtijọ́, bí o bá la ẹnu, orí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Yorùbá ló ní ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ẹ wo ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé lè bú àgbà, èèyàn lè pe ohun tí wọn kì í pè lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Ẹ wo èfè, orin òru tó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa. Òkorin á jáde lóru, á dárúkọ ìwà tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìlú, ti ìjòyè, ti olówó, ti obìnrin, ti ọkùnrin. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí wọ́n kọ á máa fi ojú ilẹ̀ rìn. Ní ààfin Ọ̀yọ́ gan-an, Ọ̀yọ́ Mèsì wà, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí Aláàfin bá fẹ́ ba ìlú jẹ́, wọ́n lè sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́, ilé ayé kọ̀ ọ́. Ọba tó bá gbọ́ ìyẹn mọ̀ pé ilé tán.

Mi ò fi oyin sí i o. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Òkèbàdàn. Ẹni tó bá dìde ní ọjọ́ lásán, tó lọ bú ọba lójú ọba, ó mọ ohun tó máa rí. Ẹrú ò lè sọ ohun tí ìwọ̀fà lè sọ, ìwọ̀fà ò lè sọ ohun tí ìjòyè lè sọ. Àmọ́ ihò kan wà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde. Ọjọ́ wà fún un, ẹni tó ń sọ ọ́ wà, ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ náà wà. Ìkòkò tó wà lórí iná, bí ọmọrí rẹ̀ bá ṣí díẹ̀, ọbẹ̀ kì í pa iná.

Ohun tí òyìnbó ṣe ni pé ó dí ihò yẹn, ó wá fi òfin lẹ̀ ẹ́.

ÒFIN DÉ

Ọdún 1909 ni ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbé òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ jáde. Ohun tí òfin náà ń sọ, ní kúkúrú, ni pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ tàbí kọ ohun tó lè mú kí aráàlú kórìíra ìjọba, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Èkó gbiná. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, dìde sí i nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ní ìdìtẹ̀ ò bá ìwà Yorùbá mu, kò sì sí nínú ètò ìlú wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe òfin náà síbẹ̀.

Ní 1914, Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, ní Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àfipáṣe dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n mú bàbá arúgbó kan, Ṣóbíyì Pónládé, ó sì kú sọ́wọ́ ìjọba. Àwọn èèyàn rẹ̀ jáde láti béèrè. Sójà yìnbọn lù wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, òmìnira tí Ẹ̀gbá ní tán. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ni wọ́n yìnbọn fún.

Ó wá di 1916. Lọ́dún yẹn, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, èyí tí àwọn tó ń ka Law níbí ṣì ń gbé kiri, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn kan náà ní Èkó, wọ́n sọ James Bright Davies sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Olóòtú ìwé ìròyìn Times of Nigeria ni, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò jalè, kò pààyàn. Ó kọ ohun tó rò nípa ìjọba Lugard àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ni.

Bí olóòtú l'Ékòó, tó gbọ́ òyìnbó, tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bá lè lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ni àgbẹ̀ tó wà ní Òkè-Ògùn fẹ́ sọ?

OṢÙ KẸWÀÁ, 1916

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Koríko gùn, àpáta ńláńlá yọ orí síta láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun òfì. Òkèihò wà lórí òkè nígbà yẹn. Ogun ayé àtijọ́ ló lé àwọn èèyàn láti abúlé oríṣiríṣi gun orí òkè náà lọ, kí ọ̀tá má bàa rí wọn kó.

Gbogbo agbègbè yìí ti wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé, Ọ̀yọ́ jìnnà, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń bá ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ọba bá gbá ẹnì kan létí, ìjòyè lè gba onítọ̀hún sílẹ̀. Nígbà tí ètò Lugard dé, gbogbo ẹ̀ yí padà. Òyìnbó á máa lo ọba ńlá, ọba ńlá á máa lo ọba kékeré. Ní Ẹkùn Ọ̀yọ́, Captain W. A. Ross ni ajẹ́lẹ̀ àgbà. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù tó gun orí ìtẹ́ ní 1911. Agbára Aláàfin wá tóbi ju bí baba rẹ̀ ti ní in lọ, torí pé ìbọn òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀yọ́ Mèsì ò sì lè sọ pé ìlú kọ̀ ọ́ mọ́.

Ní àwọn ìlú wa, wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1914. Ẹjọ́ tí àgbà ilé máa ń parí lábẹ́ igi di ti kóòtù. Adájọ́ ń gba owó oṣù, akọ̀wé jókòó, akódà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akódà tó bá wọ abúlé, adìyẹ sá, èèyàn náà sá. Àwọn aráàlú ní ẹjọ́ ti di títà, pé ẹni tó bá mú owó wá ló ń jàre. Iṣẹ́ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á kó ọkùnrin kúrò lóko lọ la títì, kò sí owó, koríko á sì bo oko rẹ̀.

Ẹ wá bá mi wá ibi tí ẹjọ́ àwọn èèyàn yìí máa gbà jáde. Bí o bá fẹ́ fi ẹjọ́ sun nípa kóòtù, ọba ìlú rẹ wà nínú kóòtù yẹn. Bí o bá kọjá ọba ìlú rẹ, o dé ọ̀dọ̀ Aláàfin, ẹni tí ọba ìlú rẹ ń jíṣẹ́ fún. Bí o bá kọjá Aláàfin, o dé ọ̀dọ̀ Ross, ọ̀rẹ́ Aláàfin. Bí o bá ní o fẹ́ gba lọ́yà, Lugard ti fi òfin lé lọ́yà kúrò nínú àwọn kóòtù ẹkùn. Bí o bá ní o fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, Èkó ni ìwé ìròyìn wà, wọ́n sì ń sọ olóòtú sẹ́wọ̀n. Ìyẹn bí o bá mọ̀wé kọ.

Lóṣù kẹwàá 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde. Kóòtù ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n kọjú ìjà sí. Ní Òkèihò, wọ́n pa Ònjò fúnra rẹ̀, ọba ìlú, ẹ̀mí àwọn mìíràn sì bá a lọ. Òyìnbó wà lẹ́nu Ogun Àgbáyé Kìíní nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó rí sójà rán. Wọ́n dé, wọ́n pa ìjà náà, wọ́n kó èèyàn, wọ́n dá àwọn aṣáájú lẹ́jọ́ ikú, wọ́n sì so wọ́n kọ́. Ní 1917, wọ́n kó gbogbo ará Òkèihò kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ìlú náà wà títí dòní. Ẹni tó wà lórí òkè, ó ṣòro fún ìjọba láti rí. Ẹni tó wà létí títì, kò sápamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ púpọ̀ sí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda kọ nípa ìjà yìí ní 1969. Ìwé rẹ̀, The New Oyo Empire, tó jáde ní 1973, ṣàlàyé bí agbára Ọ̀yọ́ ṣe wú lábẹ́ òyìnbó. Ẹ lọ wá a ní láíbírì. Eruku á bo ọwọ́ yín, ẹ ṣáà kà á.

ORÚKỌ WO LA FẸ́ PÈ É?

Ìjọba pè é ní ọ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ọ̀tẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn tí wọ́n so, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ béèrè mọ́. Ọmọ ọlọ̀tẹ̀ á sọ orí kọ́, á dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tó fẹ́ yí i padà pátápátá. Wọ́n ní akọni ni gbogbo wọn, wọ́n bá òyìnbó jà, kí a kọ́ ère fún wọn. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá àgbà mi sọ nígbà tí wọ́n wá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti di títì.

Wọ́n ní bàbá àwọn kì í sọ ìtàn náà lọ́sàn-án. Ó ń bẹ̀rù ìjọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan kọ́. Ilé kejì sí tiwọn ni ilé àwọn tí ìjà náà pa èèyàn wọn. Wọ́n jọ ń pọnmi lódò kan náà ni. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Bí bàbá bá la ẹnu láti yin ẹni tí wọ́n so kọ́, aládùúgbò tó ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri, ẹni tí àwọn tí wọ́n so kọ́ náà pa baba rẹ̀ ni.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ni ìyá àgbà wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìlú kan náà ló ṣu, òun náà ló kó o."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé tí mo kà kò kọ́ mi ní ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ ní gbangba fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í kú. Inú ilé ló ń gbé, inú ilé méjèèjì, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

ÒFIN NÁÀ Ò BÁ ÒYÌNBÓ LỌ

Ẹ lè ní ayé òyìnbó nìyẹn. Ẹ dúró ná.

Ní 1928, Herbert Macaulay lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé Lagos Daily News tó jẹ́ tirẹ̀ gbé àhesọ jáde pé wọ́n fẹ́ pa Èṣúgbàyí Ẹlẹ́kọ. Ní 1949, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Zikist sẹ́wọ̀n, lẹ́kíṣọ̀ ni wọ́n ṣe tó di ẹjọ́ ìdìtẹ̀. Ní 1950, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà. A gba òmìnira ní 1960. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1961, òfin òyìnbó yẹn kan náà ni wọ́n fi mú Chike Obi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí ìwé pélébé kan tó sọ pé àwọn tó ń jọba ń fìyà jẹ tálákà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà bá ìwé òfin ilẹ̀ wa mu. Aṣọ òyìnbó, ọrùn ọmọ Nàìjíríà.

Ní 1964, Hubert Ogunde gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ogunde pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ṣakí wà níbẹ̀, Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀. Ọba kì í mú ọ̀kọrin, àmọ́ Pírímíà mú un! Èsì tí Ogunde fọ̀ ni pé ó tún ṣe eré mìíràn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ọdún 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín 1964 sí 1966? Ẹ bi bàbá yín àgbà nípa "wẹ́tìẹ̀", nígbà tí wọ́n ń fi bẹntiróòlù sun ilé àti èèyàn lẹ́yìn ìbò 1965. Mi ò sọ pé eré tí wọ́n fòfin dè ló fa wẹ́tìẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba tó ní kí òṣèré má sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tó ń bọ̀.

Nígbà tó di 1983, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yọ. Wọ́n ti dá Arthur Nwankwo lẹ́bi nítorí ìwé tó kọ nípa bí Jim Nwobodo ṣe ń ṣèjọba ní Anambra. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin ìdìtẹ̀ ò bá ìwé òfin 1979 mu, pé a ti kúrò lábẹ́ ọba òyìnbó, ẹni tí aráàlú dìbò fún kò lè máa sá pamọ́ sábẹ́ òfin àwọn amúnisìn. Àwọn èèyàn jó. Wọn ò tíì jó tán tí sójà fi dé ní ìparí ọdún náà. Ní 1984, ìjọba Buhari gbé Decree 4 jáde. Lábẹ́ òfin yẹn, kì í ṣe irọ́ nìkan ló lè gbé akọ̀ròyìn dé ẹ̀wọ̀n. Òtítọ́ náà lè gbé e débẹ̀, bó bá ti dójú ti ẹni tó wà nípò. Wọ́n dá Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian lẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí rẹ̀. Babangida pa òfin náà rẹ́ ní 1985.

Ní 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ìsọ̀rí 24 rẹ̀ ní ẹni tó bá fi ránṣẹ́ ohun tó ń bí èèyàn nínú tàbí tó jẹ́ èébú lè jẹ̀bi. Ẹ wò ó, ohun tó ń bíni nínú! Ta ni ò bí ẹnì kan nínú rí? Ọlọ́pàá fi mú akọ̀ròyìn, ó fi mú ọmọ tó tẹ ọ̀rọ̀ sórí Facebook. Ní 2022, kóòtù ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún ìsọ̀rí náà ṣe. Ní 2024 ni wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ èébú àti ìbínú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ rọ́pò. Àmọ́ ta ló máa sọ pé irọ́ ni? Ọlọ́pàá náà ni, kí ẹjọ́ tó dé kóòtù.

ÀWỌN TÓ Ń SỌ PÉ KÒ ṢẸLẸ̀

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà rèé. Àwọn ìlú kan wà láyé tí wọ́n ṣe òfin mìíràn, òfin pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ sọ pé ìpakúpa kan kò ṣẹlẹ̀. Ní Jámánì, bí o bá dúró ní gbangba pé àwọn Nazi ò pa àwọn Júù, ẹ̀wọ̀n ni. Ní Faransé, òfin bẹ́ẹ̀ wà láti 1990. Ní Austria, wọ́n sọ David Irving, òǹkọ̀wé ìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sẹ́wọ̀n ní 2006 nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, Rwanda ní tirẹ̀, nítorí ìpakúpa àwọn Tutsi ní 1994.

Mo yé ìdí rẹ̀. Wọ́n pa bàbá rẹ, ẹnì kan wá dúró lójú rẹ pé o kò ní bàbá rí. Ìyẹn jọ pípa lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa òfin yìí, mo ní Nàìjíríà náà nílò ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí Lẹ́kkí.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 2020, sójà lọ sí tóò-géètì Lẹ́kkí níbi tí àwọn ọ̀dọ́ EndSARS jókòó sí. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ ní ìròyìn irọ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi pé àwọn lọ, àti pé ọta ìbọn tòótọ́ wà lọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú èyí tí kì í pani. Àjọ NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé AIT, Channels àti Arise lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí bí wọ́n ṣe ròyìn ìwọ́de náà. Mínísítà ìròyìn ní ìpakúpa wo ni kò ní òkú? Ní 2021, ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣeé pè ní ìpakúpa. Ìjọba Èkó ní àbá lásán ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́sàn-án tí ìgbìmọ̀ ní wọ́n kú.

Ẹ ẹ̀ rí i? Ní Jámánì, aráàlú ni òfin ń dá lẹ́kun kó má sẹ́ ohun tí ìjọba àná ṣe. Níbí, ìjọba ló ń sẹ́, aráàlú tó sọ ọ́ ni wọ́n ń lé. Bí a bá wá ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sẹ́ ìpakúpa, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà? Ọwọ́ ẹni tó ń sẹ́ náà ni. Òun ló máa sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ àti èyí tí kò ṣẹlẹ̀.

Rwanda gan-an fi hàn. Victoire Ingabire, olóṣèlú alátakò, padà sílé ní 2010, ó sì sọ̀rọ̀ níbi ìrántí àwọn tó kú pé àwọn Hutu kan náà kú, kí wọ́n rántí wọn. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ní 2013, wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ àti fífi ojú kéré ìpakúpa náà. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ pé Rwanda tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lójú. Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo òkú ni wọ́n fi pa alààyè lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, èrò mi ti yí padà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń sẹ́ lè sẹ́, kí ẹni tó mọ̀ náà lè dìde dá a lóhùn láìwo ẹnu ọ̀nà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Àmọ́ òtítọ́ ò lè bá a bí a bá ti so ẹsẹ̀ òtítọ́ mọ́lẹ̀.

KÍ LA FẸ́ ṢE?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan láàárín yín máa sọ pé ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Mi ò ní kí ẹ lọ máa bú gómìnà káàkiri. Èébú kì í ṣe ọgbọ́n. Irọ́ tó lè mú kí àwọn èèyàn yọ àdá sí aládùúgbò wọn kì í ṣe eré pẹ̀lú, òfin ní iṣẹ́ tó máa ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe aládùúgbò. Ó ní sójà, ó ní ọlọ́pàá, ó ní rédíò. Bí a bá bú u, ó lè dáhùn. Àgbẹ̀ Òkèihò ní 1916 ò ní nǹkan kan ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àdá.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò le. Bí ẹ bá lọ sílé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Ẹ̀yin ará Òkèihò, Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Kíṣì, Ìgbòho, ẹ̀yin ará Ìjẹmọ̀, ẹ béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn. Kí ẹ sì rí i pé ẹ lọ sí ilé méjèèjì, ilé àwọn tí wọ́n so kọ́ àti ilé àwọn tí ìjà náà pa. Ìtàn tí ilé kan ṣoṣo bá sọ, ẹjọ́ ẹnì kan ni. Kò sí òkúta kankan tí a lè gbé dúró láàárín ìlú tó máa dára bí kò bá gba orúkọ gbogbo wọn.

Nígbà tí mo ń padà sí ilé ìwé, ìyá àgbà mi bi mí bóyá mo ti kọ ìwé náà. Mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ àwọn síbẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ ọ́, mi ò sì kọ ọ́, bí ẹ ti rí i. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ran òwú lọ. Ìgbà tí mo ti ń gbé báàgì kọ́ èjìká ni wọ́n pè mí padà.

"Àmọ́ bó o bá tẹ̀ ẹ́ tán," wọ́n ní, "mú ọ̀kan wá. Mú èjì wá. Màá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé kejì."